TeXstudio àti latexmk fún títo ìwé Yorùbá: àgbéyẹ̀wò mi

Ìwé kíkà àti ìwé ìdánrawò Yorùbá fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń fi TeXstudio (ètò tí a fi ń kọ ìwé LaTeX) tò, pẹ̀lú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà tí ọjọ́ ìfisílẹ̀ bá ti ń lé wọn. Ẹni tó bá ti to irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé LaTeX, ètò tó ń sọ fáìlì tí a kọ di PDF, kì í ka fáìlì lẹ́ẹ̀kan péré. Á kà á, Biber á to àwọn ìwé ìtọ́kasí, LaTeX á tún padà kà á kí nọ́ńbà ojú-ìwé inú àtẹ àkóónú tó bára mu. Bí ẹ bá ń fọwọ́ ṣe gbogbo rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ ó yá, ẹ ó fo ọ̀kan, àmì ìbéèrè méjì á sì jókòó síbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà.

Latexmk ló gba wàhálà yẹn lọ́wọ́ mi. Script (ètò kékeré) tí a fi èdè Perl kọ ni, John Collins ló kọ ọ́ dé ibi tó dé lónìí. Ó máa ń wo fáìlì tó yí padà, á sì pe LaTeX àti Biber níye ìgbà tó yẹ, kò ní lé, kò ní dín. Ọ̀fẹ́ ni òun àti TeXstudio. Dátà nìkan ló máa ná yín lówó: TeX Live, àkójọ LaTeX àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, lódindi ju 5 GB lọ, ẹ lè mú ìwọ̀n tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń lo MiKTeX, àkójọ mìíràn, lórí Windows gbọ́dọ̀ wá Perl fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n TeX Live ti gbé tirẹ̀ dání.

Ẹ lọ sí Options, Configure TeXstudio, Build, kí ẹ sì yan Latexmk sí Default Compiler. Láti ìgbà náà lọ, F5 á ṣe gbogbo iṣẹ́, á sì ṣí PDF.

Ibi tó ta kókó sí nìyí o. Àṣẹ tí TeXstudio ti kọ sílẹ̀ fún latexmk ní -pdf nínú, ìtumọ̀ ìyẹn sì ni pé pdfLaTeX, irú LaTeX kan, ni kó lò. Fún èdè wa, ìyẹn ò dáa. Unicode kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀: lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá, àmì ohùn á wá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí kóòdù tirẹ̀. pdfLaTeX á rí àmì tó dá wà yẹn, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. LuaLaTeX, irú LaTeX mìíràn, pẹ̀lú fontspec (àfikún tó ń yan fọ́ǹtì) àti fọ́ǹtì bíi Charis SIL tàbí Gentium ló ń gbé àmì sórí lẹ́tà bó ṣe yẹ. Ẹ lè kọ $pdf_mode = 4; sínú latexmkrc, fáìlì tí latexmk ti ń ka ìlànà rẹ̀, kó lè lo LuaLaTeX, àmọ́ -pdf orí àṣẹ yẹn máa borí rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ẹ wọ Commands nínú Configure TeXstudio, ẹ yọ -pdf kúrò. Ẹ yọ -silent náà, torí ó ń gbé ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kà pamọ́ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

TeXstudio tún fàyè gba macro tí a fi JavaScript kọ: ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú %SCRIPT, ẹ fi ?save-file ṣe trigger (ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́), PDF á máa jáde nígbàkígbà tí ẹ bá séèfù. Ó wù mí púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo ti yọ ọ́. LuaLaTeX ò yá bíi pdfLaTeX, bátìrì laptop mi ò sì lè gba gbogbo séèfù ní ọjọ́ tí kò síná. Ohun kan náà ni mo sọ nípa -pvc tí latexmk ní, èyí tó ń tún PDF ṣe fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí fáìlì bá yí padà.

Èrò tèmi ni pé kí ohun tó wà nínú TeXstudio kéré. Òfin tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kò kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín, ṣùgbọ́n latexmkrc ń bá ìwé rìn. Olóòtú tí mo ń bá ṣiṣẹ́ máa ń ṣí ìwé wa lórí Overleaf (ibi tí a ti ń to LaTeX lórí ayélujára), fáìlì yẹn náà ni Overleaf ń kà. Ìwé ìdánrawò wa ní ẹ̀dà méjì, ti ọmọ àti ti olùkọ́ tí ìdáhùn wà nínú rẹ̀. Script kékeré kan ló ń pe latexmk lẹ́ẹ̀mejì, -jobname ń yí orúkọ PDF padà, -usepretex ń sọ fún ẹ̀kejì pé kó fi ìdáhùn hàn. User Command kan ṣoṣo ni mo fi ń pè é láti inú TeXstudio. Tẹ́lẹ̀, fáìlì méjì ni mò ń tọ́jú, àtúnṣe tó bá wọ ọ̀kan lè má wọ èkejì.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Bí ẹ bá ní kí latexmk máa kó gbogbo pàǹtírí àti PDF sí fódà build, TeXstudio ò ní rí PDF àfi tí ẹ bá ṣí Show Advanced Options, kí ẹ kọ build sí Additional Search Paths, fún PDF àti fún log (fáìlì ìròyìn iṣẹ́). Ta ló máa mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà? Ẹni tó bá ń to lẹ́tà ojú-ìwé kan ò nílò èyíkéyìí nínú gbogbo èyí, kó máa lo Word rẹ̀.