Rory Gilmore Gba Fọ́ọ̀mù Mẹ́ta, Ó sì Wọlé sí Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Àgbéyẹ̀wò Mi Lórí Gilmore Girls

Gilmore Girls jẹ́ eré orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000 tó sì parí lọ́dún 2007, ṣùgbọ́n nítorí pé ó wà lórí Netflix, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà ń wò ó lónìí. Èmi àti ọmọbìnrin mi jọ wò ó nílé wa ní Maryland ní àkókò tó ń múra àtigba fọ́ọ̀mù yunifásítì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu àwọn òṣèré náà, ìfẹ́ tó wà láàárín ìyá àti ọmọ inú rẹ̀ sì wọ̀ mí lára. Bí ó ti wù kí ó rí, àgbéyẹ̀wò tí mo fẹ́ ṣe níbí kò kan gbogbo eré náà. Bí wọ́n ṣe ṣàfihàn ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wọ yunifásítì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá jù lọ ní sáà kẹta, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ ohun tí wọ́n rò pé ojú wọn máa rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó, Lorelai Gilmore bí Rory nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16, ó sì kúrò nílé àwọn òbí rẹ̀ olówó, ó dá tọ́ ọmọ náà ní ìlú kékeré kan tí wọ́n pè ní Stars Hollow, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Nígbà tí Rory rí àyè wọ Chilton, ilé-ìwé aládàáni tí owó rẹ̀ ga, Lorelai ní láti lọ yá owó lọ́wọ́ Richard àti Emily, bàbá àti ìyá rẹ̀, àwọn náà sì fi dandan lé e pé kí òun àti ọmọ rẹ̀ máa wá jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Láti kékeré ni ọkàn Rory ti wà ní Harvard. Ní sáà kẹta, ó gba fọ́ọ̀mù Harvard, Yale àti Princeton, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà á, ó sì jókòó kọ àǹfààní àti àléébù ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó tó mú Yale.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ wọ́ nìyẹn. Fọ́ọ̀mù mẹ́ta péré, gbogbo rẹ̀ sí àwọn ilé-ìwé tó ṣòro wọ̀ jù lọ nílẹ̀ náà! Nígbà tí wọ́n ń ṣe sáà yẹn, láàárín ọdún 2002 sí 2003, nǹkan bí ọmọ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ni irú àwọn yunifásítì wọ̀nyí ń mú nínú ọgọ́rùn-ún tó bá gba fọ́ọ̀mù. Lónìí, Harvard àti Yale kì í mú tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí olùdámọ̀ràn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tó máa jẹ́ kí ọmọ, bó ti wù kó mọ̀wé tó, fi gbogbo ìrètí rẹ̀ sórí mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ètò Common Application, èyí tí ọmọ lè fi kọ fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ilé-ìwé púpọ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé-ìwé 15 lọ́dún 1975. Ilé-ìwé tó wà nínú rẹ̀ ti lé ní 1,000 báyìí, ó sì fàyè gba ọmọ kan láti fi ránṣẹ́ sí 20. Nígbà tí ọmọ mi lọ jókòó ti olùdámọ̀ràn ilé-ìwé rẹ̀, obìnrin náà ka àwọn orúkọ ńláńlá tó tò sílẹ̀, ó gbé bírò, ó sì fa ilà sábẹ́ wọn. Ó wá bi í léèrè pé, “Nínú àwọn ilé-ìwé tó dájú pé wọ́n máa gbà ọ́, tí ilé yín sì lè san owó rẹ̀, èwo ni inú rẹ máa dùn láti lọ?” Ọmọ mi kò rí nǹkan kan sọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ jù lọ yunifásítì Amẹ́ríkà ló ń gba ju ìdajì àwọn tó gba fọ́ọ̀mù wọn lọ, ọmọ púpọ̀ ló sì ń bẹ̀rẹ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó wà ládùúgbò wọn kí wọ́n tó kọjá sí yunifásítì ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n nìkan kò ní mọ̀ pé irú ọ̀nà yẹn wà, ká má tíì sọ pé ọ̀nà iyì ni.

Síbẹ̀, kì í ṣe iye fọ́ọ̀mù ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí jù ni pé eré náà sọ ìgbaniwọlé di èrè ìwà ọmọ, bí ẹni pé àwọn àgbà kan wà níbì kan tí wọ́n mọ inú gbogbo ọmọ, tí wọ́n sì ń fún oníkálukú ní ohun tó tọ́ sí i. Ẹ wo Paris Geller, ọmọ kíláàsì Rory, tí ìdílé rẹ̀ ti ń lọ Harvard láti ìran dé ìran. Harvard kò gbà á. Ó dúró lórí pèpéle níbi ayẹyẹ ilé-ìwé tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n C-SPAN ń gbé sáfẹ́fẹ́, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tó ti kọ sílẹ̀, àfi bó ṣe dá a dúró láàárín, tó sì sọ níwájú gbogbo èèyàn pé òun ti bá ọkùnrin sùn, Harvard kò sì gba òun, pé ìyà ohun tí òun ṣe nìyẹn. Liza Weil tó ṣe Paris ṣe é débi pé omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ní apá yẹn kan náà, Rory, tí kò tíì mọ ọkùnrin, dé ibi àpótí lẹ́tà, ó sì bá àpòòwé ńlá Harvard níbẹ̀. Àwọn tó kọ eré náà to ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò sì ṣe tó láti fi yé olùwòran pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Paris, pé ohun tó sọ kò ní òótọ́ kankan nínú.

Ní ti gidi, yunifásítì kò jókòó dá ẹjọ́ ọmọ kankan. Kíláàsì ni wọ́n ń kó jọ. Wọ́n fẹ́ àwọn tó máa kún ẹ̀ka físíìsì àti ẹ̀ka ìtàn, wọ́n fẹ́ ẹni tó máa rọ́pò afunfèrè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹgbẹ́ olórin wọn, wọ́n fẹ́ ẹni tó máa tukọ̀ fún wọn nínú ìdíje eré ìdárayá orí omi, wọ́n fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ tí ọmọ kì í sábà ti wá, àwọn tí owó wọn kò tó sì tún ń wo ẹni tó lè san gbogbo owó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ilẹ̀ náà ti sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yà ọmọ ṣe ìwọ̀n mọ́, àwọn ìwọ̀n yòókù sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ tó kúnjú ìwọ̀n ní gbogbo ọ̀nà lè má wọlé, kó má sì sí nǹkan kan tó ṣe tí kò dáa. Nígbà tí ilé-ìwé kan tí ọmọ mi fẹ́ràn kò gbà á, ìbéèrè tó bi mí ni pé, “Mọ́mì, kí ni mo ṣe?” Mo mọ ibi tó ti kọ́ irú ìbéèrè yẹn. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wo eré yìí, kó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí Paris, kí lẹ́tà kankan tó dé.

Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà náà wà níbẹ̀. Yale ni Richard ti jáde, ó sì fẹ́ kí Rory lọ síbẹ̀. Ó mú un lọ wo ọgbà ilé-ìwé náà, àṣé ó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, ṣètò pé kó fọ̀rọ̀ wá ọmọ náà lẹ́nu wò lójijì. Rory bínú, Lorelai bínú jù ú lọ, eré náà sì mú ọ̀rọ̀ náà bí ìjà ẹbí lásán. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè nípa ọmọ tí bàbá àgbà rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni ní Yale. Lóòótọ́, ọ̀gá àgbà Yale kò ní àyè irú eléyìí. Bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá wà rárá, àwọn tó ti jáde nílé-ìwé náà ló sábà máa ń ṣe é, nílé tíì tàbí lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n àǹfààní tí ọmọ akẹ́kọ̀ọ́jáde ń rí kì í ṣe àlá. Ó gbilẹ̀ débi pé ìpínlẹ̀ wa, Maryland, ṣòfin lọ́dún 2024 láti fòpin sí i, California náà sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Lọ́dún 2019, ìjọba àpapọ̀ tú àṣírí ọ̀gbẹ́ni William Singer, tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀ láti fi èrú mú ọmọ wọn wọ yunifásítì. Gbajúmọ̀ òṣèré tẹlifíṣọ̀n méjì, Felicity Huffman àti Lori Loughlin, ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé eré tó bá fẹ́ fi irú agbára bẹ́ẹ̀ hàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ká rí ẹni tó ń jìyà rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n níbi tí ìyìn yẹ. Ní apá kẹta sáà náà, àwọn tó mọ̀ nípa ìgbaniwọlé wá bá àwọn ọmọ Chilton sọ̀rọ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé àròkọ nípa Hillary Clinton ti pọ̀ jù. Ojú Rory yí padà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ohun tó fẹ́ kọ nìyẹn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àròkọ ọ̀rọ̀ 650 tí Common Application ń béèrè lónìí ti mú kí ọmọ mi kọ̀wé, kó pa á rẹ́, kó sì tún un kọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó kọ́kọ́ kọ nípa bó ṣe fẹ́ di dókítà láti gba aráyé là. Èyí tó fi ránṣẹ́ níkẹyìn dá lórí ìtàjà oúnjẹ tó ti ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, àti bàbá arúgbó kan tó máa ń wá lọ́jọ́ Àìkú láti bèèrè iye ẹyin tí kò ní rà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú eré náà: a rí ìpayà Rory, a kò rí i kó jókòó kọ̀wé. Àwọn eré mìíràn tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Saved by the Bell, Zack Morris tí kì í kàwé gba 1502 nínú SAT, ìdánwò tí ọmọ ń ṣe láti wọ yunifásítì Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ òdo ni máàkì àpapọ̀ ìdánwò náà máa ń parí sí.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, eré yìí sàn ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí fara balẹ̀ wo ibẹ̀. Owó 75,000 dọ́là kan bọ́ sọ́wọ́ Lorelai láti inú òwò tí bàbá rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ ṣe nígbà tó wà ní kékeré. Ó fi san gbèsè Chilton kó lè bọ́ lábẹ́ àṣẹ àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó yá, owó yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí Rory rí owó ìrànlọ́wọ́ gbà ní Yale, torí pé nínú ìwé, ó dà bíi pé Lorelai lówó, nígbà tí owó náà ti lọ. Rory fúnra rẹ̀ ló padà lọ bẹ àwọn òbí àgbà rẹ̀, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì sì bẹ̀rẹ̀ padà. Irú èyí ń ṣẹlẹ̀. FAFSA, fọ́ọ̀mù ìjọba tí ìdílé fi ń bèèrè owó ìrànlọ́wọ́, ń wo owó tó wọlé fún ìdílé ní ọdún méjì ṣáájú ọdún tí ọmọ máa wọlé, kò sì mọ̀ pé owó náà ti bá gbèsè lọ. Ohun tí eré náà kò sọ ni pé èèyàn lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ìrànlọ́wọ́, kó fi ìwé ẹ̀rí hàn wọ́n pé owó ẹ̀ẹ̀kan ni, kí wọ́n sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Mo mọ ìdílé Yorùbá kan níbí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, tí owó tí wọ́n ń san sì dínkù. Ọ̀rọ̀ náà ṣe kókó lónìí ju ti ìgbà yẹn lọ, nítorí pé gbogbo ìnáwó ọdún kan ní Yale, pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ, ti wà ní nǹkan bí 90,000 dọ́là. Lọ́wọ́ kejì, láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju 100,000 dọ́là lọ́dún kò ní san nǹkan kan ní Harvard, bí dúkìá rẹ̀ kò bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ òbí wa kò mọ èyí, wọ́n ń wo iye tí wọ́n kọ síta, wọ́n sì ń sá.

Ọmọ àbúrò mi kan ní Abẹ́òkúta náà wo eré yìí lórí fóònù rẹ̀, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí, Harvard, Yale àti Princeton náà ni mo fẹ́.” Mo dúpẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára àwọn ilé-ìwé díẹ̀ tí kì í wo àìlówó ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó gbà á, èyí tó pọ̀ jù ń wò ó. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí nǹkan tí Rory kò rí. Ó ní láti ṣàlàyé fún igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi èsì ìdánwò ọmọ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé wọn kò ní olùdámọ̀ràn, ọkùnrin náà sì fi í falẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n dá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Iná lọ lọ́jọ́ tó fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ọmọ tó bá sì wọlé tán, ìwé I-20 tí ilé-ìwé máa fún un láti fi wá físà ṣì wà níwájú rẹ̀, ó sì tún máa dúró níwájú òṣìṣẹ́ físà láti fi hàn pé owó ilé-ìwé wà. Mo rọ̀ ọ́ pé kó lọ sí ọ́fíìsì EducationUSA tó wà ní Èkó, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gba àwọn tó fẹ́ kàwé lọ́hùn-ún nímọ̀ràn, ó lọ, wọ́n sì fún un ní orúkọ àwọn ilé-ìwé tí kò gbọ́ rí, tó ń ran ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́.

Gẹ́gẹ́ bí eré, mo fún Gilmore Girls ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Gẹ́gẹ́ bí àwòrán bí ọmọ ṣe ń wọ yunifásítì, méjì ni mo fún un, nítorí ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ àròkọ yẹn. Bí àyè kò bá gba yín láti wo gbogbo rẹ̀, ẹ wo apá kẹta àti apá ìkẹyìn sáà kẹta pẹ̀lú ọmọ yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ ṣí ojú-òpó ilé-ìwé tó wù ú: òfin ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ilé-ìwé tó ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba gbé ẹ̀rọ ìṣirò kan síbẹ̀, tó máa fojú bu iye tí irú ìdílé yín máa san. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè ṣe é kí ọmọ náà tó kọ lẹ́tà kan sínú fọ́ọ̀mù.