Bàbá réwáyà tó bi mí léèrè òjò

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ mi, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀, jó láàárín oṣù márùn-ún. Kékeré yẹn ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní "I pass my neighbour". Àwọn méjì tí mo kọ́kọ́ gbé e fún kí wọ́n réwáyà ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n wé wáyà tuntun sí i, wọ́n gbowó, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ìgbà kẹta ni aládùúgbò mi ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Mọ́níyà.

Bàbá ò tíì fọwọ́ kan sípánà tó fi ní, "Ìyá aránṣọ, irú ọjọ́ wo ló máa ń jó?"

Mo ní ọjọ́ òjò ni, lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé omi ló ń wọ inú ẹ̀.

"Ṣé ìta lẹ máa ń gbé e sí?"

Rárá o, abẹ́ òrùlé ni.

"Kí lẹ wá ń ṣe lọ́jọ́ òjò tí ẹ kì í ṣe lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, NEPA á mú iná lọ. Áyọ́ọ̀nù tí mo ń lò sí iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń kì í bọ̀. Bàbá ní kí n ka ohun tó wà lára àwọn méjèèjì: 1000 wáàtì lára áyọ́ọ̀nù, 650 lára jẹnẹrétọ̀. Áyọ́ọ̀nù ló ń jó kọ́ìlì: iná tó ń fà ju ẹrù tí jẹnẹrétọ̀ lè gbé lọ. Òjò kàn ń sìn ín wá ni.

Bàbá kọ ọ́ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara jẹnẹrétọ̀: "Kọ́ìlì jó. Ohun tó fà á: ẹrù pọ̀ jù. Ohun tó mú ẹrù wá: áyọ́ọ̀nù." Mo fi han ọmọ mi, nítorí kò sí ìlà kan nínú àròkọ rẹ̀ tí kò ní kọ "nítorí náà" sí, yálà ọ̀kan fa èkejì tàbí kò fà á.

Owó iṣẹ́ Bàbá wọ́n díẹ̀, ₦18,000. ₦15,000 ni àwọn tó kù gbà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dá fún mi, Ẹtì ni mo rí i gbà. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì burú, ọmọ ló bá mi kà á. Kì í wá sílé o, ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ.

Òjò ti rọ̀ títí látìgbà náà, kọ́ìlì ò jó mọ́. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi ń lọ aṣọ bí iná bá lọ. Ó ti ta iná sí léèsì oníbàárà kan, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ Bàbá.