Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé àwọn ọmọ wa lọ síléèwé láti Awótan: ẹ sanwó àárọ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lọ́sàn-án

Ẹ̀yin òbí tó ń gbé ní Awótan àti gbogbo ẹ̀yìn Apẹ́tẹ́ n'Ìbàdàn níbí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé nìyí bí iléèwé ṣe fẹ́ wọlé: ṣé ká háyà oníkẹ̀kẹ́ fún àwọn ọmọ ni, àbí kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn? Ìdáhùn tèmi ni pé kí ẹ sanwó àárọ̀ nìkan. Mo ti gba kẹ̀kẹ́ Alfa, oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé àwọn ọmọ àdúgbò wa, fún àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, mo sì ti gbà á fún àárọ̀ nìkan. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Láti ilé wa dé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ìbejì ń lọ á tó kìlómítà mẹ́ta. Iléèwé girama ti ẹ̀gbọ́n wọn sún síwájú díẹ̀. Àgbàlagbà tó bá yára ẹsẹ̀ á débẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ ọdún méje tó gbé báàgì sẹ́yìn, tó tún mú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, á lo wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn kọ́ ló ń já mi láyà. Ẹni tó bá mọ Awótan mọ ààtàn ńlá tí wọ́n ń da ìdọ̀tí ìgboro Ìbàdàn sí. Títì wa ni àwọn ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ ń gbà, ọ̀pọ̀ ibi ni kò sì sí àyè fún ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀ ju etí gọ́tà lọ. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, inú koríko ni ẹlẹ́sẹ̀ á sá sí. Àárọ̀ ló tún burú jù, nítorí pé oníkálukú ló ń sáré ibi iṣẹ́. Ọmọ kékeré rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò mọ bó ṣe ń sáré tó; á rò pé ó ṣì jìn, á sì kó sí títì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìjàmbá ọkọ̀ ló ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ lágbàáyé. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi bí mo bá ń di báàgì àwọn ọmọ mi.

Ní ti àárọ̀, mi ò rí ẹ̀bi kankan fi kan Alfa. Kí aago méje tó lù ló ti ń dé ẹnu ọ̀nà wa. Á fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, bí kò bá rí wa, á sọ̀ kalẹ̀ wá síwájú ilé, á kí ìyá ọkọ mi tìyẹ́tìyẹ́, á wá ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ bá wa ṣe é kíá, aago ti ń lọ o." Ó mọ kíláàsì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà. Ohun tó mú kí n fọkàn tán an jù ni pé kì í já ọmọ sẹ́bàá títì. Inú ọgbà iléèwé ló máa ń wọ̀ kó tó dá kẹ̀kẹ́ dúró, kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí àwọn kékeré á fi dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ń ṣọ́ géètì. Lẹ́yìn náà á fláàṣì mi. Bí fóònù mi bá ti dún lẹ́ẹ̀mejì tó dákẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n ti wọlé, mo lè wá jókòó ti máṣíìnì mi.

Kó tó di pé a gba kẹ̀kẹ́, olùkọ́ Táíwò ti pè mí rí pé ọmọ mi ń sùn nínú kíláàsì kí wọ́n tó ka ìwé dé ibì kankan. Ó rìn dé pẹ̀lú òógùn lára, ó bá àsẹ́ńbílì tó ti parí, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó pẹ́ dé, kó tún ṣa ìdọ̀tí ọgbà. Ọmọ tó ti lo gbogbo agbára rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí wọ́n tún fìyà jẹ nítorí pé ọ̀nà jìn, kí ló kù tó máa fi kọ́ ìṣirò? Inú mi kì í dùn sí ìyà yẹn rárá. Àwọn olùkọ́ ní òfin ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ kékeré ò mọ òfin. Láti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ti ń gbé wọn, ọ̀rọ̀ oorun yẹn ti tán.

Lásìkò òjò, Alfa ní tàpọ́lìn tó ń fi bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ti apá ọ̀tún ti ya, omi sì máa ń ta sí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lára. Mo máa ń wọ aṣọ òjò fún àwọn tèmi kí wọ́n tó jáde.

Ọ̀sán ni wàhálà wà. Aago kan ààbọ̀ ni àwọn ìbejì ń jáde, ẹ̀gbọ́n wọn ń jáde ní aago méjì. Láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, èrò ni Alfa ń kó, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí sí i, nítorí owó tiwa nìkan ò lè bọ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Àmọ́ bó bá ti gbé èrò lọ sí Mọ́kọ́lá, ó di kó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kó tó lè padà dé Apẹ́tẹ́. Àwọn ọmọ á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà iléèwé títí di aago mẹ́ta, nígbà mìíràn ó ń lọ sí mẹ́rin. Oúnjẹ ti tán nínú kúlà. Olùkọ́ ti lọ sílé. Kẹ́hìndé máa ń fi báàgì rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí. Bí Alfa bá wá dé, á fẹ́ kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè tètè padà sẹ́nu iṣẹ́: márùn-ún lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú. Èrò mẹ́ta ni wọ́n ṣe ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fún. Níwájú, àga awakọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá rọ̀ mọ́ ọn ò ní nǹkan tó máa dì mú bí kòtò bá gbé kẹ̀kẹ́ sókè, kòtò sì pọ̀ lọ́nà wa.

Gbogbo àwa òbí la bá a sọ ọ́. "Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó gbà láàárọ̀: ìrìn méjì ló ń rìn báyìí, kò sì sí ọmọ níwájú mọ́. Ti ọ̀sán ò yí padà. Mi ò pè é ní èèyàn burúkú. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí lọ́sàn-án ni kò bá ti ọmọ mu. Bí ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì, mo fún àárọ̀ ní 9 nínú 10, mo fún ọ̀sán ní 4.

Owó ńkọ́? Ní 2022, ₦5,000 la ń san lórí ọmọ kan lóṣù, àlọ àti àbọ̀. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 kọjá ₦600 kí oṣù keje tó parí, ó sì ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. ₦15,000 ni Alfa ń gbà báyìí fún àlọ àti àbọ̀, ₦9,000 fún àárọ̀ nìkan. Fún ọmọ mẹ́ta, ₦18,000 lóṣù ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wọ́gi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ iléèwé girama, gbogbo wa ló yọ̀. Lónìí, owó kẹ̀kẹ́ oṣù kan fún ọmọ kan jẹ́ ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. Iléèwé jẹ́ ọ̀fẹ́. Dídé ibẹ̀ ló ń gba owó lọ́wọ́ wa. Àwọn òbí wà ní àdúgbò wa tó ti ń dá ọmọ dúró sílé lọ́jọ́ tí owó ò bá sí, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ìyá ọkọ mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ rárá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ kó wọ iléèwé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọdún tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lé ní 800,000, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú. Láti aba bàbá wọn lápá Akùfọ̀ ni wọ́n ti ń rìn, láìwọ bàtà, kí ìrì tó gbẹ. "Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nínú wa?" ni wọ́n máa ń bi mí. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní kí wọ́n sọ bí ìrìn náà ṣe ń lọ fún mi. Wọ́n ní àwọn ọmọ aba bíi mẹ́wàá ló jọ ń rìn. Bó bá ku ẹnì kan, wọ́n á dúró dè é. Ọ̀nà oko ni, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń sáré jù níbẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ tí wọ́n bá pàdé mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti nà wọ́n bí wọ́n bá yà sídìí ọsàn olọ́sàn. Mo ní, "Màmá, ẹ ò rìn fúnra yín nìkan nígbà náà." Wọ́n ní rárá o, ta ló máa jẹ́ kí ọmọ dá rìn?

Ọ̀rọ̀ yẹn la fi ṣètò ọ̀sán. Ẹgbẹ́ tó pọ̀, ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ò gbà, àgbà tó mọ̀ wọ́n: bí a bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò rí ohun tó burú nínú kìlómítà mẹ́ta. Ọ̀nà kan wà nínú àdúgbò tó gba ẹ̀yìn ilé jáde sọ́dọ̀ wa. Ó fi díẹ̀ jìn ju títì lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ kì í yà síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwa ìyá ọmọ mélòó kan kó àwọn ọmọ wa, a bá wọn rin ọ̀nà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A yà sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, a kí wọn: fọganáísà, káfíńtà, ìyá tó ń ta gààrí, ìyá alákàrà. A ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ wa nìyí, ibí ni wọ́n á máa gbà lọ́sàn-án." Ìyá alákàrà ní kí a má wulẹ̀ bẹ òun, ọmọ òun náà ni wọ́n. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ sọdá títì, a sì ń dúró níbẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan láti sọ wọ́n dá. Ọjọ́ Tuesday ni tèmi.

Àwọn àgbà tó wà ní girama ló ń yà gbé àwọn kékeré. Bí aago mẹ́ta bá fi kọjá díẹ̀, wọ́n ti wọlé. Ẹ gbọ́ mi o: wọ́n ń fẹsẹ̀ dé ṣáájú ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ń gbé wọn dé. Wọ́n tún ti jókòó nínú kíláàsì láti àárọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà ní ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara fún bíi wákàtí kan lóòjọ́. Táíwò ń ka pátákó tó bá rí lọ́nà, ó ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè èyí tí kò mọ̀. Wọ́n ń jẹun dáadáa lálẹ́, wọn kì í sì í bá mi fa ọ̀rọ̀ oorun mọ́.

Mo mọ ẹ̀rù tó wà lọ́kàn yín, ó wà lọ́kàn tèmi náà: àwọn ajínigbé. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kankan ò fi gbọ́dọ̀ dá rìn. Àmọ́ ẹ má rò pé ọkọ̀ nìkan ti tó ní ààbò. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, inú bọ́ọ̀sì iléèwé tó ń gbé wọn bọ̀ wálé ni wọ́n ti jí àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùré-Èkìtì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba oníkẹ̀kẹ́, kó mọ ilé rẹ̀, kó mọ ìyàwó rẹ̀, kó mọ alága ẹgbẹ́ wọn ní gáréèjì. A ti lọ sílé Alfa kó tó gbé ọmọ wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, a kì í jẹ́ kí wọ́n rìn. Ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn gba orí odò kékeré kan, Ìbàdàn sì mọ ohun tí omi lè ṣe: afárá Apẹ́tẹ́ wà lára ohun tí omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 2011 bà jẹ́. Bí ojú ọ̀run bá ti dúdú, a máa ń pe Alfa tàbí kọ̀rọ̀pẹ́, a ó jọ dá owó náà.

Ní tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀, mo ti ní kí Alfa fi irin dí apá òsì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ máa gba ọ̀tún nìkan sọ̀ kalẹ̀, nítorí apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà kọjá. A máa bá a dá owó wẹ́dà. Kó sì pààrọ̀ tàpọ́lìn tó ya kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa bá tiwa rìn lọ́sàn-án, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ọmọ tó bá ti pé ọdún méje la ń gbà. Àwọn ọmọ násírì ò tíì lè rìn ín, kí ẹ máa fi owó kẹ̀kẹ́ tiwọn pamọ́ ná.