Nẹ́ẹ̀tì, kọ́ìlì, ìpara, oògùn alágolo: èwo ló yẹ kí ẹ náwó sí?

Òkun o, ẹ̀yin ará Kábbà, Mọ́pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́. Òjò ti dé, ẹ̀fọn náà ti dé. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ẹ̀fọn tó ṣubú lè má tíì kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ nínú yàrá wa ní Kábbà, mo fín oògùn alágolo. Mọ́kànlá já bọ́. Mo fi ìyẹ́ adìyẹ gbá wọn sínú ife, mo fi àwọ̀n bò ó, mo gbé òwú tí mo rẹ sínú omi ṣúgà lé e. Ilẹ̀ mọ́, méje ti ń fò. Mẹ́rin péré ló kú.

Àwọn onímọ̀ náà kì í kánjú. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀fọn fara kan nẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú 3, wọ́n á ka àwọn tó ṣubú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 60, wọ́n á sì ka òkú lẹ́yìn wákàtí 24.

Nẹ́ẹ̀tì ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, pàápàá fún ẹni tó ń sùn sí abà tí kò sí iná. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara páálí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pyrethroid, oògùn apẹ̀fọn tó wọ́pọ̀ jù lára nẹ́ẹ̀tì, nìkan ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn Nàìjíríà ni kò ràn mọ́. Èyí tí wọ́n fi PBO, èròjà tó ń jẹ́ kí oògùn náà ràn wọ́n, kún sàn jù ú lọ. Èyí tó tún ní chlorfenapyr, oògùn apẹ̀fọn mìíràn, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí gidigidi ní 2023. Díẹ̀díẹ̀ nìyẹn ń pa á, wákàtí 72 ni wọ́n fi ń dúró kí wọ́n tó ka òkú. Nítorí náà, bí ẹ̀fọn bá ṣì ń fò lọ́jọ́ kejì, ẹ má sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

Kọ́ìlì máa ń lé ẹ̀fọn, àmọ́ èéfín rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù: ìwádìí kan ní 2003 rí i pé eruku wẹ́wẹ́ tó ń jáde lára ẹyọ kan tó ti sìgá 75 sí 137. Ẹ má tàn án sí yàrá ọmọdé.

Ìpara tó ní DEET tàbí icaridin, àwọn oògùn tó ń lé ẹ̀fọn, dára fún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ bá ń gúnyán níta. Ẹ má fi DEET pa ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2.

Ẹ̀rọ tó ń dún, tí wọ́n ní ó ń lé ẹ̀fọn? Ẹ má rà á rárá.

Bí ẹ bá ra nẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ fẹ́ ẹ sábẹ́ ibòji fún wákàtí 24 kí ẹ tó so ó. Ọṣẹ lásán ni kí ẹ fi máa fọ̀ ọ́, ẹ má sì sá a sóòrùn.