Windows, Mac, GNOME tàbí KDE: èwo ló bá ọwọ́ yín mu?

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, RAM ló máa ń kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà bátìrì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọwọ́ yín máa ṣe jù lórí ẹ̀rọ náà kì í sí lára páálí rẹ̀: kí ẹ ṣí áàpù kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ sí òmíràn, kí ẹ tún padà wá. Àìmọye ìgbà lẹ ó ṣe é lójúmọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nǹkan méjì: ṣé ohun tí ẹ ń wá máa ń dúró sójú kan, àti pé ṣé áàpù ni ẹ̀rọ náà ń kà ni tàbí fèrèsé (window), ìyẹn ojú kọ̀ọ̀kan tí áàpù ṣí? Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ Windows, Mac, GNOME àti KDE wà. GNOME àti KDE ni ojú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ méjì tí àwọn ènìyàn ń lò lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows.

Ṣíṣí áàpù

Lórí gbogbo wọn, ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ tẹ lẹ́tà díẹ̀ nínú orúkọ áàpù, kí ẹ sì tẹ Enter. Lórí Mac, Command pẹ̀lú Space ló ń pe Spotlight, àpótí ìwá-nǹkan tó ti wà níbẹ̀ láti 2005. Lórí GNOME, ẹ tẹ bọ́tìnnì Super, èyí tí àmì Windows máa ń wà lára rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì máa tẹ orúkọ lọ. KDE ní àpótí tirẹ̀, KRunner, tí Alt pẹ̀lú Space ń pè. Bí kò bá sí fèrèsé kankan lójú, ẹ kò tilẹ̀ ní láti pè é, ẹ sáà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ náà. Windows ń ṣe é láti inú Start, ṣùgbọ́n àbájáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń dà pọ̀ mọ́ ti áàpù, èyí tí kò dùn mọ́ mi rárá. Ẹni tí ìyẹn bá ń yọ lẹ́nu lè fi áàpù PowerToys kún un, ọ̀fẹ́ ni, Microsoft fúnra wọn ló ṣe é.

Ẹni tó bá ti lo Mac rí lè máa wá Launchpad, tó ń to gbogbo áàpù sójú bíi ti fóònù láti 2011. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí macOS 26 jáde ní 2025, wọ́n fi ohun tí wọ́n pè ní Apps rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ti mọ̀

Ní 1954, Paul Fitts, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi hàn pé bí nǹkan bá ṣe jìnnà tó àti bí ó ṣe tóbi tó ló ń sọ iye àkókò tí ọwọ́ máa lò kó tó dé ibẹ̀. Igun ojú kọ̀ǹpútà wá dára jù lọ, torí máòsì kò lè kọjá ibẹ̀: ẹ kàn tì í lọ, ó ti dé. Bọ́tìnnì Start ti Windows 95 wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, nítòsí igun, ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ènìyàn sì mọ̀. Nígbà tí Windows 8 yọ ọ́ kúrò ní 2012, àwọn ènìyàn figbe ta, ó sì padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Windows 11 wá kó àwọn àmì áàpù tó wà lórí taskbar, ọ̀pá ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, sáàárín. Ẹ wò ó dáadáa: bí ẹ bá ṣí áàpù tuntun kan, gbogbo ìlà náà á sún díẹ̀ sí òsì, Start pẹ̀lú wọn. Ibi tí ẹ tẹ̀ ní àárọ̀ kọ́ lẹ ó tẹ̀ lọ́sàn-án. Dock, ọ̀pá áàpù ti Mac, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Windows ní àtúnṣe kíákíá: ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Personalization, kí ẹ sì dá taskbar padà sí òsì. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ohun tí èmi á kọ́kọ́ ṣe sí Windows 11 tuntun nìyẹn.

KDE ló fún yín láàyè jù níbí: òkè, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, ibi tó wù yín lẹ lè gbé ọ̀pá rẹ̀ sí. Lórí láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ga, ẹ̀gbẹ́ òsì dáa gan-an. Ubuntu, irú Linux kan tó ń lo GNOME, ti gbé tirẹ̀ sí òsì fún yín tẹ́lẹ̀. GNOME gangan kì í fi ọ̀pá áàpù hàn, àfi tí ẹ bá tẹ Super.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn: bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú 1 ń ṣí áàpù àkọ́kọ́ lórí taskbar, tàbí kó gbé yín padà sí i bó bá ti ṣí tẹ́lẹ̀. GNOME àti KDE ní irú rẹ̀. Mac kò ní in, àfi tí ẹ bá wá áàpù mìíràn kún un.

Áàpù tàbí fèrèsé?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ṣí lẹ́tà mẹ́ta nínú áàpù ìkọ̀wé kan náà, ẹ sì ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan. Lórí Windows àti KDE, Alt pẹ̀lú Tab á fi mẹ́rin hàn yín, ẹ ó mú èyí tí ẹ fẹ́. Lórí Mac, Command pẹ̀lú Tab á fi áàpù méjèèjì hàn, kì í ṣe fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí áàpù ló ń kà. Ẹ mú ti ìkọ̀wé, lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó wá tẹ Command pẹ̀lú àmì ` láti yí láàárín wọn. Bí ẹ bá ti fi bọ́tìnnì yẹ́lò rọ àwọn lẹ́tà náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, áàpù á yọ síwájú, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí lẹ́tà kankan, àfi tí ẹ bá tẹ Option mọ́ ọn kí ẹ tó ju Command sílẹ̀. Bọ́tìnnì pupa náà, fèrèsé ló ń tì. Áàpù ṣì ń ṣiṣẹ́, àmì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú Dock sì ń jẹ́rìí sí i.

Mac ní ohun tó fi san án padà: ẹ fi ìka mẹ́ta ra pátákó ìfọwọ́ra sókè, gbogbo fèrèsé á tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín. Láti ìgbà Exposé ní 2003 ni Apple ti ń ṣe é, èmi ò sì tíì rí ẹlòmíràn tó ṣe é lọ́nà tó rọ ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀. GNOME ló sún mọ́ ọn jù. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wọn wá, áàpù ni òun náà ń kà, ṣùgbọ́n ẹ lè lọ sí ìlà Keyboard nínú Settings kí ẹ sọ Alt pẹ̀lú Tab di ti fèrèsé.

Ta ni kó ra èwo?

Ẹ̀yin tí fáìlì mẹ́wàá máa ń ṣí níwájú yín lẹ́ẹ̀kan náà, Windows tàbí KDE ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ áàpù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ ń lò, tí ọwọ́ yín sì fẹ́ràn pátákó ìfọwọ́ra, Mac ni. Ẹni tí ojú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kéré, tó sì fẹ́ kí iṣẹ́ nìkan gba gbogbo ojú rẹ̀, á gbádùn GNOME. Chromebook, láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google, tó fún ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lórí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí fèrèsé méjì nínú áàpù kan àti ọ̀kan nínú òmíràn, kí ẹ gbìyànjú láti yí láàárín wọn láìfọwọ́ kan máòsì. Ní ti GNOME àti KDE, ẹ ò ní láti ra nǹkan kan kí ẹ tó dán wọn wò. Ẹ gbé ọ̀kan nínú irú Linux méjì yìí, Fedora Workstation fún GNOME, tàbí Kubuntu fún KDE, sórí fláàṣì USB, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà tí ẹ ní lọ́wọ́ láti inú rẹ̀. Bí ẹ kò bá ti sọ pé kó fi ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kò ní fọwọ́ kan fáìlì yín.