Ọjọ́ mẹ́ta nídìí Akéde Èkó ọdún 1929

Ìtàn Sẹ̀gilọlá ló gbé mi dé ilé ìkàwé tí wọ́n kó Akéde Èkó àtijọ́ pamọ́ sí. I. B. Thomas ló kọ ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti 1929 wọ 1930, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Mo ti ka èyí tí wọ́n fi ṣe ìwé. Ohun tó yí i ká ni mo ń wá: èsì àwọn òǹkàwé, ìpolówó ọjà, ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà.

N kò ní dárúkọ ilé ìkàwé náà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gba báírò lọ́wọ́ mi. "Àǹtí, pẹ́ńsù nìkan la fi ń kọ̀wé níbí o." Kò bí mi nínú, báírò tó bá ta sí irú ìwé yẹn, ó ta á náà nìyẹn. Màmá tó ń tọ́jú àwọn ìwé ìròyìn náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí náà wá, ó tẹ́ ìdìpọ̀ náà sórí fóòmù bí ẹni tẹ́ ọmọ jòjòló. Síbẹ̀, ojú ewé kejì ni igun kan ti kán bí ìpékeré. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ṣa èérún rẹ̀ sínú àpò ìwé kékeré, ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà ojú ewé sí i lára. Igi ni wọ́n fi ṣe bébà ayé ìgbà yẹn, oró inú rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Oòrùn àti ooru sì ń mú kó yá sí i. Ìdí nìyẹn tí kọ́tìnì wọn kì í fi í ṣí. Fún ìtọ́jú yìí, ìràwọ̀ márùn-ún.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan, kí màmá tó débẹ̀, ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti pọ́n bí epo, ó sì ti mu wọnú ọ̀rọ̀. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni lẹ́tà òǹkàwé tí mo wá wà! Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti àwọn ará Japan ló yẹ kí wọ́n lò, pẹ̀lú sítáàṣì sísè, tó fẹ́ jọ èyí tí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń ya aṣọ. Ìyẹn, omi díẹ̀ á tú u.

Ọjọ́ kejì, mo sá lọ sídìí máíkírófíìmù, fíìmù tí wọ́n ya àwòrán ojú ewé ìwé ìròyìn náà sí. Ẹni tó ya fíìmù náà kò tú ìdìpọ̀ kó tó yà á, nítorí náà kòtò àárín ti gbé ìparí ìlà mì ní gbogbo ojú ewé apá òsì. Iná tún lọ lẹ́ẹ̀mejì. Jẹnẹrétọ̀ wà, àmọ́ ọ́fíìsì ọ̀gá ló ń gbé. Ìràwọ̀ méjì, àánú ló mú mi fún wọn ní ìkejì.

Ọjọ́ kẹta, mo padà sídìí ìwé fúnra rẹ̀, mo fi pẹ́ńsù da ojú ewé mẹ́sàn-án kọ. Bí mo ṣe ń dìde, màmá ní nígbà tí mo bá tún ń bọ̀, kí n mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá dání, pé bí èèyàn bá tan ìmọ́lẹ̀ sí sẹ́lótéèpù yẹn láti ẹ̀gbẹ́, òun ti rí "Olóòtú mi ọ̀wọ́n" níbẹ̀ rí.