Papers Past: ẹ mọ orúkọ kánsù tí ẹ̀ ń wá kí ẹ tó wọlé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn òyìnbó tó lọ tẹ̀dó sí Nìú Sílándì ṣe ń ṣe ìjọba ìbílẹ̀ wọn, láti 1853 títí ọ̀rúndún náà fi parí, Papers Past ni kó kọ́kọ́ yà sí. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà ló ni ìkànnì yìí, wọ́n sì ṣí i ní 2001. Ọ̀fẹ́ ni. Kò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀, kò béèrè káàdì báńkì. Ohun tó mú kó wúlò tó bẹ́ẹ̀ ni pé láyé ìgbà náà, oníròyìn a máa jókòó sí ìpàdé kánsù, a máa kọ ẹni tó dábàá, ẹni tó kín in lẹ́yìn, iye tí agbaṣẹ́ṣe kọ̀ọ̀kan ní òun máa gbà láti kan afárá, àti lẹ́tà onílé tí gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ dí. Lọ́jọ́ kejì tàbí lọ́jọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìròyìn.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni a fún un. Ìkan tó kù yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lójú abẹ níkòó: ìkànnì náà kò ní kọ́ yín ní orúkọ tí ẹ máa tẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹni tó bá kàn tẹ "local government" wọlé, tó wá ń retí kí àṣírí tú, á kàn máa ka ọ̀rọ̀ òṣèlú London ni.

Orúkọ ń yí padà pẹ̀lú ọdún àti pẹ̀lú ibi. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1852 ló pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn mẹ́fà: Auckland, New Plymouth (tí wọ́n yí sí Taranaki lẹ́yìn náà), Wellington, Nelson, Canterbury àti Otago. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní olórí tí wọ́n dìbò yàn, "Superintendent" ni wọ́n ń pè é, ó sì ní "Provincial Council" tirẹ̀. Hawke's Bay yapa ní 1858, Marlborough ní 1859, Southland ní 1861. Southland padà sínú Otago ní 1870. Wọ́n fòfin pa gbogbo ẹkùn rẹ́ ní 1875, ó sì parí pátápátá ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1876. Káńtì 63 ("county", ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ìgbèríko) ló rọ́pò wọn lábẹ́ òfin 1876. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá "County Council" ní 1870, òfo lẹ máa bá, àfi ní Westland: ibẹ̀ ti jẹ́ káńtì láti 1868, wọ́n tó wá sọ ọ́ di ẹkùn ní 1873. Àwọn káńtì kan wà tó jẹ́ pé orí ìwé nìkan ni wọ́n wà lẹ́yìn 1876, torí wọn kò fẹ́ lo òfin náà. Àwọn ìgbìmọ̀ ọ̀nà abúlé ló ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ ọ̀nà yìí gan-an ló gba sùúrù jù. Ní agbègbè Auckland, "Highway Board" ni kí ẹ tẹ̀ fún ọdún 1870 sókè. Lẹ́yìn 1882, ẹ tẹ "Road Board". Ìgbìmọ̀ kan náà, ojú ọ̀nà kan náà, orúkọ ọ̀tọ̀. Orúkọ ìlú ńkọ́? Ìlú tí wọ́n ń kọ ní Whanganui lónìí, "Wanganui" ni ẹ máa tẹ̀, ẹ má fi h sí i, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú kan dán an wò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1893, ìlú Onehunga lẹ́bàá Auckland dìbò yan Elizabeth Yates ní méyọ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ kan ṣáájú ni àwọn obìnrin Nìú Sílándì kọ́kọ́ dìbò sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìbò 13 ló fi borí. Kaǹsẹ́lọ̀ mẹ́rin àti akọ̀wé kánsù sì fipò sílẹ̀ torí ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ "Elizabeth Yates", díẹ̀ lẹ máa rí, torí "Mrs. Yates" tàbí "Lady Mayor" ni àwọn oníròyìn ń kọ. Nítorí náà, ẹ lọ sí apá ìwé ìròyìn, ẹ tẹ Yates àti Onehunga láìfi àmì ọ̀rọ̀-ẹlẹ́nu yí wọn ká. Ẹ fi ọjọ́ sí 29-11-1893 dé 31-12-1894. Ẹ mú agbègbè Auckland nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó to èsì láti orí ọjọ́ tó pẹ́ jù, kì í ṣe láti orí èyí tó rò pé ó bá yín mu jù. Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹjọ́ tò tẹ̀lé ara wọn: ìjà ìpàdé kan di lẹ́tà sí olóòtú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà náà di àbá ní ìpàdé mìíràn. Ẹ ka Auckland Star àti New Zealand Herald pọ̀. Ní ọdún kan ṣoṣo tó lò, obìnrin yìí san gbèsè kánsù, ó tún ojú ọ̀nà àti ìmọ́tótó ìlú ṣe, ó sì ṣètò àwọn panápaná. Wọ́n sì dìbò yọ ọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 1894.

Ẹ rántí pé kì í ṣe ojú ìwé gan-an ni ìkànnì ń wò nígbà tí ẹ bá ń wá nǹkan. Ohun tí ẹ̀rọ rò pé òun kà ló ń wò. Níbi tí tàdáwà bá ti ṣá, B lè di H. Ọ̀rọ̀ tó bá dé etí ìlà a máa gé sí méjì, "Coun-" lókè, "cil" nísàlẹ̀, bí ẹ bá sì fi àmì ọ̀rọ̀-ẹlẹ́nu yí ọ̀rọ̀ náà ká, ìkànnì kò ní rí i mú. Owó ló burú jù: £ ń di L, 1 ń di l. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iye owó kankan tí ẹ kò bá fojú ara yín rí lórí àwòrán ojú ìwé náà. Pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ tí àwọn àgbà wa ná títí di 1973 náà ni: ṣílè 20 ló wà nínú pọ́n-ùn 1. Bí kánsù bá kéde "1s in the £" (ṣílè kan lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan) fún owó tí onílé àti onílẹ̀ ń san, ilé tí wọ́n dá iye rẹ̀ lọ́dún sí £20 máa san £1. Láti 1896, òfin gba ìlú láyè láti dìbò pé ilẹ̀ lásán ni kí wọ́n máa bu owó náà lé, láìka ilé orí rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ẹ má fi ìlú kan wé èkejì láìmọ èyí tó ń lò.

Èsì ìbò káńtì tún ní ọ̀fìn tirẹ̀. Lábẹ́ òfin 1876, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ pọ̀ lè ní ìbò tó márùn-ún. Iye ìbò tí ìwé ìròyìn bá kọ kì í ṣe iye ènìyàn.

Apá ìpolówó ni kí ẹ má fò. Ibẹ̀ ni ìkéde iṣẹ́ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe wà, àti ìkéde owó onílé, àti ọjọ́ ìdìbò. Ìkànnì gbà yín láyè láti yan ìpolówó nìkan. Apá ìwé ilé aṣòfin náà dára, àmọ́ ẹ̀rọ kì í lè ka tábìlì ìṣirò dáadáa níbẹ̀. Ẹ máa fi lẹ́tà tó wà lórí ìwé náà wá a; ní àwọn ọdún 1890, B wà fún ọ̀rọ̀ ìnáwó, D fún iṣẹ́ òde, G fún ọ̀rọ̀ àwọn Māori, àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé.

Ọ̀rọ̀ Māori yìí ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Àwọn tó ń sanwó ilẹ̀ ló ni kánsù wọ̀nyí, àwọn náà ló sì ń ra ìwé ìròyìn. Abala 71 òfin 1852 fàyè gba agbègbè tí àwọn Māori yóò ti máa ṣàkóso ara wọn. Wọn kò ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ rí. Ní 1882 wọ́n ṣòfin láti gba owó lórí ilẹ̀ Māori: ìjọba á san án, á sì di gbèsè sí ilẹ̀ náà lọ́rùn. Ní 1888 ni wọ́n tó fagi lé e. Tí ẹ bá ka ìròyìn kánsù nìkan, ẹ máa rò pé ilẹ̀ náà ṣófo tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ yà sí àwọn ìwé ìròyìn èdè Māori tó wà lórí ìkànnì kan náà, irú bíi Te Wananga àti Huia Tangata Kotahi, kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ Māori láìfi àmì sórí fáwẹ̀lì, torí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti wá ìwé Yorùbá àtijọ́ rí mọ irú wàhálà yìí.

Ìwé ìpàdé tí akọ̀wé fọwọ́ kọ àti ìwé orúkọ àwọn tó ń sanwó ilé kò sí níbí. Ibi ìpamọ́ ìwé kánsù ni wọ́n wà, àwọn ti ẹkùn sì wà ní Archives New Zealand, ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀. Òfin fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí NZLII, ìkànnì tó ń kó òfin Nìú Sílándì jọ. Ẹ ṣí méjèèjì papọ̀: òfin 1876 ní apá kan, ìròyìn ìpàdé àkọ́kọ́ káńtì yín ní 1877 ní apá kejì.